Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Pe Orúkọ Ọmọ Náà Ni, Ẹ Ti Fún Un Ní Máàkì

Nínú oṣù kẹfà ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó wà nínú líìgì NBA ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń péjọ láti yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ náà. Draft ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ẹgbẹ́ 30 ni wọ́n, ìpele méjì ni yíyàn náà, ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ní sáà tí ó kọjá ni ó sì máa ń ní àǹfààní láti tètè mú. Kí ẹnikẹ́ni má baà máa mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi nítorí ipò àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kèké fún un láti ọdún 1985. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní New York, èyí tí í ṣe agogo kan òru lọ́dọ̀ tiwa níbí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n orí tẹlifíṣàn àti àwọn alátìlẹ́yìn fúnra wọn á ti fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì: A fún eléyìí, C fún ìyẹn, F fún èyí tí ó bí wọn nínú. Ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó ṣe ni wọ́n ń fún ní máàkì. Mo fẹ́ràn alẹ́ náà, n kò sì ní purọ́ fún yín, mo máa ń fi oorun dù ú. Ọ̀nà tí a ń gbà dájọ́ ní alẹ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá jù lọ àwa Yorùbá, nítorí orúkọ mẹ́ta ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nínú ìtàn ètò yìí, a sì ti fi ọ̀kan sílẹ̀ sẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ìdájọ́ àwọn alátìlẹ́yìn ṣe máa ń rí. Ní ọdún 2015, nínú gbọ̀ngàn Barclays Center ní Brooklyn, New York Knicks mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti orílẹ̀-èdè Latvia ní ipò kẹrin. Kristaps Porzingis ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 19, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìkọ́kùkọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn Knicks hó lé e lórí kíkan kíkan. Ẹ̀rọ ayàwòrán ká ọmọdékùnrin kan mọ́ ibi tí ó ti ń sunkún nínú èrò. Kí sáà náà tó dé ìdajì, Porzingis ti di ààyò ìlú. Ní ọdún 2018, wọ́n kà á mọ́ àwọn ìràwọ̀ líìgì; nínú oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni iṣan orúnkún rẹ̀ já. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Knicks gbé e fún Dallas. Ní ọdún 2024, ó bá Boston gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ máàkì í fún, èwo ni kí á wá fún Knicks nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ti alẹ́ àkọ́kọ́ ni, àbí ti ọdún kẹta, àbí ti ọdún kẹsàn-án?

Lójú tèmi, ariwo alẹ́ yẹn kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ọmọ Latvia náà. Ebi ló ń sọ̀rọ̀. Sáà tí Knicks ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ìgbà 17 péré ni wọ́n borí nínú eré 82. Ẹni tí ebi ń pa báyìí kì í fẹ́ gbọ́ pé iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta lóko. Iyán tó wà nínú àwo ló fẹ́ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ń gbé ní Houston. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó sì ti lé ní ogójì ọdún, nítorí náà ìfẹ́ Houston Rockets ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Milwaukee Bucks ni èmi ń tẹ̀lé. Bí draft bá ti ń lọ, àwa méjèèjì máa ń wà lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ tiwọn, èmi ní òru tèmi, a ó sì máa tẹ́tí sí orúkọ. Bí a bá ti gbọ́ Adé tàbí Ọlá tàbí Ayọ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á lọgun: “Àbúrò, ó ti dé! Tiwa ni!” Bí wọ́n ṣe lọgun ní ọdún 2021 nìyẹn nígbà tí Chicago mú Ayo Dosunmu ní ipò 38. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù í jù. Bí orúkọ bá ti dún bí ti ilé, ó ti gba A lọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n ní àkọsílẹ̀ kan nínú fóònù wọn tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní “Àwọn Ọmọ Wa”. Hakeem Olajuwon ló ṣáájú, Giannis Antetokounmpo ló tẹ̀lé e, àwọn yòókù sì tò sísàlẹ̀ wọn. Ní ọdún kan tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, mo wá Michael Olowokandi títí, n kò rí i.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, Olowokandi ńkọ́?”

Wọ́n ní, “Àbúrò, fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ìyẹn ò bá wa dé ibì kankan.”

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Ìdájọ́ ti Olajuwon rọrùn. Ọmọ Èkó tí ó ti jẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tí ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́, kí ó tó mọ́ alápẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó máa fi di ọdún 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Houston ti dé ìdíje àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Rockets ti borí ní ìgbà 29 péré ní sáà yẹn. Kèké kò tíì sí nígbà náà, owó ẹyọ ni wọ́n jù sókè láàárín Houston àti Portland, Houston ló sì jẹ. Ọmọ tí wọ́n ti ń wò nínú ìlú wọn láti ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n mú. Kò sí ẹni tí ó nílò gíláàsì láti rí i. Portland tí ó wà ní ipò kejì mú Sam Bowie. Chicago tí ó wà ní ipò kẹta mú Michael Jordan.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́. N kò sí nínú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín. Portland ti ní Clyde Drexler, tí wọ́n mú ní ipò 14 ní ọdún 1983, ipò kan náà tí Jordan ń gbá ni òun náà sì ń gbá. Ẹni gíga ni wọ́n ń wá. Àìní gidi ni. (Drexler tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi Jordan sílẹ̀ yìí ló padà lọ bá Olajuwon ní Houston, tí wọ́n jọ gba ife ọdún 1995. Bí ayé ṣe ń yí nìyẹn.) Bí mo bá ní ẹjọ́ kankan bá Portland, ẹsẹ̀ Bowie ni. Ó ti pàdánù odidi sáà méjì ní Yunifásítì Kentucky nítorí egungun ojúgun rẹ̀ tí ó ṣẹ́. Àwọn dókítà Portland yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Bowie fẹnu ara rẹ̀ sọ nínú fíìmù kan pé nígbà tí wọ́n ń fi òòlù kékeré kan ẹsẹ̀ òun, tí wọ́n ń bi òun bóyá ó ń dun òun, òun ń sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ ó ń dun òun nínú.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ ọdún 23, ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ tí yóò bọ́ òun àti àwọn ẹni rẹ̀ ló dúró sí, àwọn aláṣọ funfun ń kan án lójúgun. Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Nígbà tí àwọn alátìlẹ́yìn bá ń fún ẹgbẹ́ kan ní máàkì, wọn kì í rántí pé èèyàn tí ó lè pa ìrora mọ́ra ni wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n.

Àwọn bàbá wa mọ irú yíyàn báyìí. Ẹ rántí ìtàn Àjàlá alámọ̀ tí ń mọ orí ní òde ọ̀run. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sílé ayé, wọ́n ní láti yan orí. Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìjà ló kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá. Wọn kò bá a nílé, wọ́n bá ki ọwọ́ bọ inú orí tí ó wà nílẹ̀, wọ́n gbé èyí tí ó tóbi, tí ó dára lójú. Wọn kò mọ̀ pé kò jiná. Bí wọ́n ti ń lọ sílé ayé, òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn, títí tí ó fi pẹ́lẹ́bẹ́. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ló kẹ́yìn. Òun fara balẹ̀, ó bá Àjàlá san gbèsè tí ó jẹ, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a yan èyí tí òjò kò lè pa. Gbogbo ọ̀rọ̀ draft ló wà nínú ìtàn yìí: gíga ọmọ, gígùn apá, bí ó ṣe ń fò, ìyẹn ni ẹwà orí nínú àká Àjàlá. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ní alẹ́ yẹn ni òjò.

Òjò tí ó pa Olowokandi pọ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1975, Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí. Eré sísá àti fífò ló mọ̀. Ní ọdún 1995, tí ó ti pé ọmọ ogún ọdún, ó ṣí ìwé atọ́nà kan nípa àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí Yunifásítì Pacific ní ìlú Stockton, ní California. Ó gbé fóònù, ó pè wọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun ga, òun sì fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìpè yẹn, ní ọdún 1998, Los Angeles Clippers pe orúkọ rẹ̀ ní ipò kìíní. Kí ẹ má sáré kọjá níbẹ̀ o. Mo mọ àwọn tí wọ́n lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ńdà tí ọ̀gá wọn kò tíì jẹ́ kí wọ́n dá owó kà. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí fi gun àkàbà láti ìsàlẹ̀ dé góńgó.

Àwọn tí wọ́n mú lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbádùn. Vince Carter wà ní ipò karùn-ún, Dirk Nowitzki ní ipò kẹsàn-án, Paul Pierce ní ipò kẹwàá. Olowokandi lo sáà mẹ́sàn-án nínú líìgì, àmì 8.3 ló ń jù wọlé nínú eré kọ̀ọ̀kan tí a bá pín in dọ́gba, wọn kò sì kà á mọ́ àwọn ìràwọ̀ rí. Títí di òní, bí wọ́n bá ń ka àwọn yíyàn tí ó burú jù lọ, orúkọ rẹ̀ kì í gbẹ́yìn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé tí wọ́n gbé ọmọ yìí sí. Ìgbà 17 ni Clippers borí ní sáà tí ó ṣáájú kí ó tó dé. Ní ọdún tí wọ́n mú un gan-an, àwọn olówó ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù nítorí àríyànjiyàn owó. Ní àsìkò tí ó yẹ kí ọmọ tuntun máa jókòó ti ọ̀gá kí ó máa kọ́ṣẹ́, kò sí ọ̀gá, kò sí pápá. Sáà kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 1999, eré 50 péré ni wọ́n gbá, Clippers sì borí ní ìgbà mẹ́sàn-án. Ní sáà kejì rẹ̀, ìgbà 15 nínú 82. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi di sáà kẹrin àti ìkarùn-ún, ó ti ń jù ju àmì 11 lọ nínú eré kọ̀ọ̀kan, kí orúnkún tó tún dá a dúró.

N kò sọ pé kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ráhùn nípa bí ó ṣe ń gba ìbáwí, n kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í yan ara rẹ̀ sí ipò kìíní. Àgbàlagbà ló jókòó, tí wọ́n wo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì gbé ẹrù ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n gbá lé e lórí. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ wá ṣẹ́, orúkọ ta ni a fi ń ṣe òwe? Orúkọ ọmọ náà.

Ọ̀tọ̀ ni ti Giannis. Àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò ní Èkó lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún 1991, Yorùbá ni bàbá, Ìgbò ni ìyá. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ wọn. Lẹ́tà àwọn Gíríìkì ló sọ ọ́ di Antetokounmpo. Oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni wọ́n tó fún ọmọ tí wọ́n bí sí Athens ní ìwé ọmọ ìlú. Oṣù kẹfà, Milwaukee mú un ní ipò 15. Ìpele kejì líìgì ilẹ̀ Gíríìsì ló ti ń gbá, ọmọ ọdún 18 ni, ó sì tún ń ga sí i lẹ́yìn tí ó dé. Anthony Bennett tí Cleveland mú ní ipò kìíní ní alẹ́ kan náà kò lò ju sáà mẹ́rin lọ nínú líìgì.

Wàyí o, àwọn kan yóò sọ pé ilé rere ló bọ́ sí. Rárá o. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ìgbà 15 ni Milwaukee borí nínú 82. Iye kan náà gẹ́lẹ́ ni ti Clippers ní sáà kejì Olowokandi. Òṣì kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó ń retí pé ọmọ ipò 15 ni yóò gba ìlú là. Àmì 6.8 ló ń jù nínú eré kọ̀ọ̀kan ní sáà yẹn, ẹnikẹ́ni kò hó lé e lórí. Wọ́n gbé e sórí pápá, wọ́n jẹ́ kí ó ṣe àṣìṣe, àwọn òbí àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì wá bá a ní Milwaukee ní ọdún 2014. Nígbà tí ó yá, ìyókù di ìtàn tí gbogbo wa ń fi yangàn: agbábọ́ọ̀lù tí ó peregedé jù ní ọdún 2019 àti 2020, lẹ́yìn náà àmì 50 ní alẹ́ tí wọ́n gba ife lọ́wọ́ Phoenix ní oṣù keje ọdún 2021.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọgbọ́n pọ̀ ní Milwaukee ju ibòmíràn lọ nítorí pé èmi ń tẹ̀lé wọn. Àwọn kan náà ló mú Nowitzki ní ipò kẹsàn-án ní ọdún 1998, tí wọ́n sì gbé e fún Dallas ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ mi jálẹ̀, wọ́n ní, “Mo gbọ́. Àmọ́ àwa tí à ń fi owó wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé kí á kàn máa wò wọ́n níran ni? Bí wọ́n bá fi ipò kìíní ṣòfò, ọdún mẹ́wàá la ó fi jìyà rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò sì lè já a sí irọ́. Alátìlẹ́yìn ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ó sì lè dájọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an láìdúró de ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yan ọmọ náà ni kí ó dá lẹ́jọ́. Kí ó béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ náà. Kí ó béèrè ta ni yóò kọ́ ọmọ náà níṣẹ́, àti ọdún mélòó ni wọ́n fẹ́ fún un. Ìbéèrè wọ̀nyí ní ìdáhùn ní agogo kan òru. Bí ọmọ náà yóò ṣe rí nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 27 kò ní ìdáhùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Mo wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní tiwa ni gbogbo ẹni tí ó bá ní Adé tàbí Ọlá nínú orúkọ. Bí ó bá ṣe dáadáa, ọmọ wa ni. Bí kò bá ṣe dáadáa, ọmọ ta ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró ná, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń tẹ fóònù. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi. Olowokandi ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tò wọ́n bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn: 1984, 1998, 2013. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó wò.